Ta Ni Kò Náwó Sí Oògùn Náà?

"Oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé." Òwe yìí kì í jìnnà sẹ́nu bí wọ́n bá rí oògùn tí wọ́n pín lọ́fẹ̀ẹ́ tó di ohun tí eku ń fi ṣeré. Ẹni tó gbà á ni wọ́n ń bá wí: ọ̀fẹ́ ni, kò mọyì rẹ̀. Òwe náà kò parọ́. Ẹni tí wọ́n ń nàka sí ni èmi kò fara mọ́.

Ẹ bá mi dé Igbólógun, erékùṣù kan ní Èkó tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Snake Island nítorí pé ó gùn gbọọrọ, ó sì lọ́ bí ejò. Ó tó kìlómítà 14. Òun àti èbúté Tin Can ló kọjú síra, ọgbà Nigerdock tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ òkun ṣe sì wà lórí rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, kò sí afárá. Ẹni tó bá fẹ́ dé ilé ìwòsàn ìjọba ní Apápá tàbí Ajégúnlẹ̀, omi ni yóò gbà. Bí obìnrin bá rọbí lóru, tí omi ń ru, àfi kí ó rí awakọ̀ tí yóò gbà láti jí.

Nírú ibi báyìí, ọjọ́ ìwòsàn ọ̀fẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣẹ̀sín. Wọ́n á ta kánópì, wọ́n á to àga oníke, wọ́n á pín nọ́ńbà. Ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka, láàárín ogún ìṣẹ́jú, wọ́n ti mọ̀ bóyá ibà ni. Bàbá télọ̀ tí kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́ á gba awò, á sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Oògùn aràn náà ń bẹ. Irú nǹkan wọ̀nyí, ọjọ́ kan tó wọn.

Ṣùgbọ́n ká sọ pé ìyá ẹlẹ́ja kan jókòó. Nọ́ọ̀sì we aṣọ mọ́ ọn lápá, ó fẹ́ ẹ títí ó fi fún un, nọ́ńbà sì jáde: 180 lórí 110. Bó bá ti tó 140 lórí 90 léraléra, ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń pè é. Ìyá yìí kò mọ nǹkan kan lára. Ẹja ló ń yan títí di àárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n fún un lóògùn ọ̀sẹ̀ méjì.

"Ìyá, ẹ má jẹ́ kó tán o. Ojoojúmọ́ ni."

"Bó bá wá tán ńkọ́, nọ́ọ̀sì?"

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bó bá tán, owó ọkọ̀ àlọ, owó ọkọ̀ àbọ̀, owó ọ̀kadà láti èbúté, owó oògùn fúnra rẹ̀, àti ẹja ọjọ́ kan tí kò ní rí tà. Ta ló wá sọ pé obìnrin yìí kò náwó? Páálí òfìfo ló kù lẹ́yìn ààrò rẹ̀.

Ẹni tí kò náwó ni kí òwe náà máa bá wí. Ní ọdún 2001, ní Àbújá wa níbí, àwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná àwọn yóò máa lọ sí ìlera. Nàìjíríà kò tíì dé ibẹ̀ rí. Òfin ìlera ti ọdún 2014 ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́dé. Owó irú èyí ló yẹ kó mú nọ́ọ̀sì sùn mọ́jú ní erékùṣù, kí oògùn má sì tán lórí pẹpẹ.

Kò sì ṣòro tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Láàárín ọdún 1956 sí 1961, dókítà kan tó ń jẹ́ David Morley, tó wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, dá ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Kì í ṣe dókítà ló ń dá iṣẹ́ náà ṣe; àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ ló gbé e lọ́wọ́. Wọ́n ń wọn ọmọ léraléra, wọ́n ń fi àmì sí káàdì kan tó ń fi hàn bóyá ó ń dàgbà bó ṣe yẹ. Ìyá ọmọ ló ń tọ́jú káàdì náà sílé, nínú ọ̀rá, kì í ṣe dókítà. Bó bá padà wá, ibi tí wọ́n dúró ni wọ́n á ti máa bá a lọ. Káàdì abúlé Ìjẹ̀ṣà yẹn ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè wò kọ. Ìpadàbọ̀ yìí gan-an ni kánópì ọjọ́ kan kò ní.

Nítorí náà, èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbé oògùn ọ̀fẹ́ wá sí Igbólógun mọ́. Kí wọ́n máa bọ̀. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi ń tẹ fìlà àti àsíá tó ru orúkọ olóṣèlú, kí wọ́n yọ díẹ̀ níbẹ̀ fún oògùn oṣù kejì àti owó ọkọ̀ nọ́ọ̀sì tí yóò padà wá. Kí wọ́n sì tó ya fọ́tò tán, kí ẹnìkan bi alága ètò náà pé ìwé tí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹlẹ́jẹ̀ ríru sí yẹn, ọwọ́ ta ni wọ́n ń fi í sí ní erékùṣù?