Kí Ẹ Tó Béèrè Oúnjẹ ní Àjò

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a ó yẹ̀ wò lónìí: àkàrà, àmàlà àti frejon. Ẹ̀yin ọmọ òrìṣà tí ẹ wà káàkiri ayé, bí ẹ bá ń rìnrìn-àjò, ẹ sábà máa ń fẹ́ tọ́ oúnjẹ Potogí àti ti Bràsíl wò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú oúnjẹ tí a ń fi ẹnu Potogí pè, ọmọ Yorùbá ni. Òmíràn sì wà tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ti Potogí, ṣùgbọ́n tí ó ti di ará Èkó. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn lè jẹ èèwọ̀ rẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlú Bowie ṣe àpẹẹrẹ. Prince George's County ni ó wà, ní ìpínlẹ̀ Maryland, nítòsí Washington. Àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ ní àgbègbè náà, nítorí náà kò ṣòro fún ẹni tí ó ti Bahia wá láti bá ìyá Yorùbá tí ń se oúnjẹ tà pàdé níbẹ̀. Èdè wo ni wọn yóò fi gbọ́ ara wọn yé?

Bí ẹ bá sọ fún ìyá náà pé acarajé ni ẹ ń fẹ́, ó lè má yé e. Ẹ sọ pé àkàrà, ojú rẹ̀ yóò là. Ẹ̀wà tí a bó, tí a lọ̀, tí a dín ni ní ìhà méjèèjì òkun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Bràsíl ń túmọ̀ àkàrà sí iná, nítorí pé oúnjẹ Ọya ni. Ṣùgbọ́n àkàrà kì í ṣe iná nínú èdè Yorùbá. Ẹ tún kíyè sí jẹ tí ó gbẹ̀yìn acarajé. Yorùbá kì í sọ pé “mo àkàrà jẹ”. “Mo jẹ àkàrà” ni. Bí jẹ yóò bá gbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn ní láti ṣáájú: “ẹ wá ra àkàrà jẹ.” Ó jọ pé ìpolówó àwọn ìyá alákàrà ni ó di orúkọ oúnjẹ náà.

Àwọn ìyá wọ̀nyí ni IPHAN, ilé-iṣẹ́ ìjọba Bràsíl tí ń tọ́jú ogún ìbílẹ̀, kọ iṣẹ́ wọn sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè ní ọdún 2005. Síbẹ̀, àwọn ajíhìnrere kan ń dín àkàrà kan náà tà, wọ́n sì ń pè é ní bolinho de Jesus. Ẹnikẹ́ni ni ó lè dín àkàrà. A kò bá wọn jà nítorí èyí. Orúkọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó dùn wá. Síbẹ̀ náà, bí a bá ní kí a túmọ̀ orúkọ tuntun náà sí Yorùbá, “àkàrà Jésù” ni yóò jẹ́. Àkàrà kò kúrò nílé.

Ní ti àmàlà, ẹ ṣọ́ra. Ní ilé wa ní Bràsíl, amalá Ṣàngó jẹ́ ilá tí a gé, tí a fi epo, àlùbọ́sà àti edé gbígbẹ sè. Ní Bowie, òkèlè èlùbọ́ ni ìyá náà yóò gbé wá, tòun ti ewédú tàbí gbẹ̀gìrì. Ẹ má ṣe sọ fún un pé ó ṣì í. Kí òun náà má sì sọ pé àwa ni a ba èdè jẹ́: orúkọ òkèlè ni ó di orúkọ ọbẹ̀ lẹ́nu wa, Ṣàngó sì ń gba méjèèjì. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.

Frejon ni ó gba ọ̀nà padà. Feijão ni Potogí ń pe ẹ̀wà. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bràsíl padà sí Èkó ní ọ̀rúndún 19 ni wọ́n mú ọ̀rọ̀ náà dé Pópó Àgùdà. Ẹ̀wà tí a sè, tí a lọ̀ kúnná, tí a fi omi àgbọn pò ni. Àwọn ìdílé Àgùdà ń fi ọbẹ̀ ẹja jẹ ẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì tí ó ṣáájú Àjíǹde. Bí ẹ bá bá ọmọ Èkó pàdé ní àjò, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀; yóò mọ̀ pé ẹbí ni yín.

Nítorí náà, kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ kọ́ gbólóhùn méjì yìí dáadáa:

“Ẹ jọ̀wọ́ mà, ṣé epo ni ẹ fi dín in ni, tàbí òróró?”

“Ṣé edé wà nínú rẹ̀?”

Epo nìkan, láìfi ohunkóhun kún un, epo pupa ni Yorùbá máa ń fi pè. Òróró yàtọ̀ sí i. Ọmọ Òrìṣàńlá tí epo jẹ́ èèwọ̀ fún kò gbọdọ̀ ṣi ọ̀rọ̀ méjèèjì mú. Bí ẹ bá sì jẹun tán, ẹ kí ìyá náà pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà.” Kí òrìṣà jẹ́ kí oúnjẹ àjò gbà wá lára. Àṣẹ.