Ẹni Tí Ń Kọ́ Iṣẹ́ Olùkọ́

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1955, Ìkòtún àti Ẹ̀gbẹ́dá wà lábẹ́ ìjọba náà. Ọmọ ya bo ilé-ẹ̀kọ́. Olùkọ́ kò tó, a sì fi ọ̀pọ̀ ẹni tí kò tí ì kọ́ṣẹ́ síwájú kíláàsì.

Lónìí, èrò Alímọ̀ṣọ́ pọ̀ púpọ̀. Kò yẹ kí a fi ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ dí àlàfo níbẹ̀. Ìwé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè gún régé, ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Kí àgbà olùkọ́ jókòó tì í, kí ó fi ọmọ tí ó dákẹ́ nítorí pé ẹ̀kọ́ kò yé e hàn án. Àìjẹ́bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀.