Ta ló ń ka ẹranko inú igbó wa?

Ní FUTA, níbí ní Àkúrẹ́, odidi ẹ̀ka kan wà tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nípa ẹranko igbó. Tí wọ́n bá wá gboyè tán ńkọ́? Nínú àwọn tí mo mọ̀, ọ̀kan ń ṣe POS, èkejì ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò.

Bẹ́ẹ̀, igbó ìjọba tó wà ní Ìdànrè kò jìnnà sí wa. Àwọn olùwádìí ti rí ìnàkí níbẹ̀. Àwọn agégẹdú náà sì mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa.

Lọ́dún 1964, Amẹ́ríkà ṣòfin pé kí wọ́n fi àwọn ilẹ̀ igbó kan sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a. Wọn ò fi mọ sórí ìwé o. Wọ́n ti gba àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè, wọ́n fún wọn lówó ìtọ́jú, kí wọ́n lè kọ ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ohun tó ti yí padà.

Èmi tí mo kọ́ òfin mọ̀ pé ẹjọ́ tí kò ní ẹ̀rí, òfo ni. Tá ò bá mọ ohun tó wà nínú igbó lánàá, báwo la ṣe fẹ́ fẹ̀sùn kan ẹni tó bà á jẹ́ lónìí?

Ẹ máa ní ajínigbé wà nínú igbó. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi gbọdọ̀ dá lọ: kí Àmọ̀tẹ́kùn tẹ̀ lé wọn.

Kí ìjọba Oǹdó fi ọ̀dọ́ mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀, fún ọdún kan péré. Ohun tá ò bá kà, a ò ní mọ ọjọ́ tó tán.