Gẹ̀ẹ́sì Kọ́ Ni Bíréèkì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ohùn kì í ròkè mọ́ lẹ́nu àgbà tó ti rí irú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta. Ńṣe ló máa ń fọwọ́ lẹ́rán, tí yóò máa wo ọ̀nà. Mo ti pẹ́ ní Ládìpọ̀, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ wa ní Èkó. Níwájú ṣọ́ọ̀bù tí mo ń jókòó sí, mò ń gbọ́ ohùn àwọn tírélà tó ń bọ̀ láti èbúté Tin Can àti Àpápá lórí títì Òṣòdì, etí mi sì ti mọ èyí tí bíréèkì rẹ̀ ń ráhùn yàtọ̀ sí èyí tára rẹ̀ le.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, awakọ̀ kan wọlé tọ̀ mí wá, ó mú họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ bíréèkì kan tó ti bẹ́ lọ́wọ́. Kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi náà kò sì gbọ́ Hausa kọjá ìkíni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà mọ ohun tó ń wá. Ó fi ìka wọn bí ẹnu họ́ọ̀sì náà ti fẹ̀ tó, ó fi àtàǹpàkò tẹ rọ́bà tí mo kọ́kọ́ mú wá, ó mi orí, ó dá a padà fún mi. Èkejì ló gbà. Mo ti ń ta ọjà yìí láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Bí mo bá rí ẹni tó mọ ọkọ̀ rẹ̀, mo máa ń mọ̀ ọ́n.

Mo tẹ̀ lé e dé ẹ̀gbẹ́ títì níbùdókọ̀ Toyota níbi tó gbé ọkọ̀ sí, torí ó wù mí kí n rí bí yóò ṣe dè é. Mọ́tòbọ́ì rẹ̀ ti gbé sítóòfù sábẹ́ tírélà, ó ń se ìrẹsì. Lára kọ́ńténà tó wà lókè orí sítóòfù yẹn ni wọ́n lẹ bébà pupa kan mọ́, onígun mẹ́rin tó fi igun kan dúró, àwòrán iná sì wà nínú rẹ̀. Mo fi ọwọ́ júwe fún awakọ̀ náà pé kó fún mi ní ìwé ẹrù rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó yọ ọ́ jáde, mo sì kà á. Tínà ni, èyí tí àwọn akunlé fi ń po ọ̀dà. Kọ́ńténà kún fún tínà, ọmọ sì ń fẹ́ iná sábẹ́ rẹ̀ kí ìrẹsì lè tètè jinná.

Màlámù tó ń ta tíì nítòsí ló bá wa túmọ̀. Ìrẹsì kúrò níbẹ̀ ná, kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ náà ní ńṣe ni wọ́n ká ìwé yẹn lé òun lọ́wọ́ ní ẹnu géètì, kò sì sẹ́ni tó bá òun kà á. Bébà pupa ńkọ́? Ó ní òun ti ń rò ó láti ọjọ́ pípẹ́ pé àmì ilé iṣẹ́ tó ni ẹrù ni. Ọdún 19 ló ti ń wa tírélà. Ẹ wo bí ó ti rí, ẹ̀yin ọmọ mi: ẹni tó fi àtàǹpàkò mọ rọ́bà tó dára yàtọ̀ sí èyí tó ti gbó kì í ṣe òpè. A kò kọ́ ọ ni.

Mo ń sọ èyí nítorí ọ̀rọ̀ kan tó ń jà ràn-ìn láti òkè òkun, tó sì ti dé ẹnu àwọn ọ̀dọ́ wa lọ́jà. Ní Amẹ́ríkà, òfin ti wà tipẹ́ pé ẹni tí yóò wa ọkọ̀ akẹ́rù gbọ́dọ̀ lè ka Gẹ̀ẹ́sì kó sì lè sọ ọ́ tó èyí tí yóò fi lóye àmì ojú ọ̀nà, tí yóò fi dá òṣìṣẹ́ ìjọba lóhùn, tí yóò sì fi kọ ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Ní 2016 wọ́n dẹ okùn òfin náà, pé kí wọ́n má ṣe tìtorí rẹ̀ dá awakọ̀ dúró sójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump buwọ́ lu àṣẹ pé kí wọ́n fa okùn náà le padà. Láti ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún kan náà, awakọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò bá tó, ibi tí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò ni ìrìn àjò rẹ̀ ń pin sí. Nílùú Ọba náà, láti 2014 ni wọ́n ti fòpin sí fífi ohùn èdè àjèjì ka ìbéèrè ìdánwò ìwakọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ta bọ́ńpà lónìí tí ẹ sì ń múra àtilọ wa tírélà ní Texas lọ́la, ẹ kọ́ èdè onílé kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ má gbójú lé pé ẹ ó rí ẹni tí ẹ ó fún ní nǹkan kó lè fojú fò yín. Ilé onílé nìyẹn, bí wọ́n bá ti ní kí àlejò wọ̀ ọ́ ni yóò ṣe wọ̀ ọ́.

Ohun tó ń gba oorun lójú mi ni àwọn tó ń sọ pé kí a gbé òfin náà wá síhìn-ín bó ti wà gẹ́lẹ́. Ọmọ Ládìpọ̀ mélòó ló ń ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ láìjẹ́ kí wọ́n tan án kó gbọ́ ohùn rẹ̀? Òfin tí wọ́n rọ fún ilẹ̀ mìíràn, ó yẹ kí a tan òun náà ká gbọ́ ohùn rẹ̀. Lọ́hùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì ni ẹni tó di ẹrù ń sọ, òun ni ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò ń sọ, òun ni panápaná ń sọ. Tiwa ńkọ́? Ẹni tó kó àlùbọ́sà wá sí Mile 12 láti òkè Hausa, Hausa ni bàbá rẹ̀ fi kọ́ ọ ní ọkọ̀. Ẹni tó ń yẹ táyà rẹ̀ wò ní Ìbàdàn, Yorùbá ló fi ń bú u. Àwọn ọmọ tiwa tó ń gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ sí Kútọnu, bí àwọn ará Benin bá ní kí wọ́n ka Faransé kí wọ́n tó wọlé, mélòó nínú wọn ni kò ní yí orí ọkọ̀ padà ní ẹnubodè Kraké? Ohun tí a kò ní fẹ́ kí wọ́n fi ṣe ọmọ wa, ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa kí a tó fi ṣe ọmọ ẹlòmíràn.

Afárá Ojúẹlẹ́gba kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, kọ́ńténà kan já bọ́ láti orí rẹ̀ lu ọkọ̀ tó ń lọ nísàlẹ̀, ènìyàn 3 sì kú. A sunkún, a gbàgbé. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, lọ́jọ́ Àìkú, òmíràn tún já bọ́ níbẹ̀ kan náà lórí bọ́ọ̀sì akérò, ó sì pa ènìyàn 9. Irin mẹ́rin ló ń di kọ́ńténà mọ́ ẹ̀yìn tírélà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan, twist lock ni wọ́n ń pè é. Ọwọ́ la fi ń yí i. Bí a kò bá yí i, ìwúwo ẹrù nìkan ló di ẹrù mú, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá sì sáré wọ kọ́nà lórí afárá, ìwúwo yẹn kan náà ni yóò tì í ṣubú. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2018 lẹ́bàá afárá Ọ̀tẹ́dọlá, bíréèkì ni wọ́n ní ó kọ̀ fún táńkà, ọkọ̀ tó lé ní 50 sì jóná. Mo ti ro ti gbogbo ìwọ̀nyí síwá sẹ́yìn, n kò rí ibi tí àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú wọn. Irin tí a kò yí kì í bèèrè èdè.

Mo sì ti rí ibi tí òfin tí a kàn gbé wọlé máa ń já sí rí. Nígbà tí wọ́n dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní 1988, tí wọ́n fi Wọlé Ṣóyínká ṣe alága rẹ̀ àkọ́kọ́, inú mi dùn, mo rò pé a ti bọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni òfin ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, òfin tó dára sì ni wọ́n. Wọ́n ní kí ọkọ̀ ní agolo tí a fi ń pa iná. Ọmọ Èkó gbé agolo kọ́, ó sì di ọjọ́ kan tí iná ràn ní ìta wa, a fa pín-ìn-nì agolo tí a rí nínú ọkọ̀ kan, afẹ́fẹ́ lásán ló mí sí wa lójú. Wọ́n ní kí awakọ̀ ṣe ìdánwò kó tó gba láísẹ́ǹsì. Ẹ̀yin náà mọ iye ènìyàn tí láísẹ́ǹsì ti bá nílé láìjẹ́ pé ó fẹsẹ̀ kan ibi ìdánwò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Gẹ̀ẹ́sì yìí yóò rí bí a bá kù gìrì gbé e wọlé. Ẹni tí yóò tà á yóò wà, ẹni tí yóò rà á yóò wà. Awakọ̀ yóò gba bébà pé èdè òyìnbó yọ̀ mọ́ òun lẹ́nu, yóò ká a sínú fìlà kan náà, yóò sì padà sídìí tínà tí kò mọ̀ pé tínà ni. Lójú ọ̀nà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ aṣọ ìjọba yóò ti rí okùn tuntun mú: kí ni orúkọ rẹ, níbo lo ń lọ, sọ ọ́ lédè òyìnbó, bẹ́ẹ̀ kọ́, wá síhìn-ín. Owó tí ìbá fi ra táyà tuntun ni yóò fi ra ìdáhùn. Táyà tó ti jẹ dé wáyà ni yóò gbé gun orí afárá, àwa ni a ó sì wà nísàlẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé kí ẹni tí kò mọ nǹkan máa wakọ̀ lọ. Ìdánwò tí mo fẹ́ le ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Kí wọ́n bi awakọ̀ ní èdè tó fi ń lá àlá, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà fi etí gbọ́ ọ, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn: kí ni àwòrán yìí? Kí lo gbé? Bí ó bá ń jò, ibo lo máa sá sí, ta lo máa pè, kí ni o kò gbọdọ̀ tàn nítòsí rẹ̀? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, bó fọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ ọba Lọ́ńdọ̀nù, kó má gbé epo, kó má gbé gáàsì, kó má gbé tínà. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ òfuurufú láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, Gẹ̀ẹ́sì pọn dandan fún wọn, mo sì fara mọ́ ọn, torí ẹni tí wọn kò rí ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀, kò sì sí Màlámù onítíì kankan lófuurufú. Lórí títì Òṣòdì, àwòrán ló ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ kọ́ ọ ní àwòrán. Iléẹ̀kọ́ awakọ̀ tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀, LASDRI, irú ibẹ̀ ló yẹ kí Hausa, Igbo, Yorùbá àti pìjìnì ti máa dún láti òwúrọ̀ dalẹ́. Kí wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí ogún kún un, ti iná, ti ewu, ti ìrànlọ́wọ́, bí a ti ń kọ́ ọmọ kékeré ní orúkọ bàbá rẹ̀ kó má baà sọnù lọ́jà.

Àwa tí a ni ẹrù ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, torí ilé ni mo ti ń sọ ọ́. Àwa la ń fi gbogbo ọ̀sán ná owó ọkọ̀ wálẹ̀ títí tí kò fi ku owó táyà níbẹ̀. Àwa la ń ké sí i lórí fóònù pé kó dé kílẹ̀ tó mọ́. Àwa la ń fi ìwé Gẹ̀ẹ́sì lé ẹni tí a mọ̀ pé kò lè kà á lọ́wọ́, tí a óò sì yíjú padà bí ẹni tó ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó láti wá ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀. Èkó mà ni ibí. Èdè wo la wá tì níhìn-ín? Bí iná yẹn bá gbéra nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọ́ìlì tó wà ní Ládìpọ̀ nìkan ì bá gbé e dé àárín Mushin, ta ni ì bá sì bèèrè irú èdè tí dírẹ́bà ń sọ?

Nígbà tó de họ́ọ̀sì tán lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé yóò kí mi, yóò sì gbéra. Kò lọ. Ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó mú Màlámù lọ́wọ́, ó sì pè mí ní Bàbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ti mọ̀ lédè wa. Ó tan iná sí gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára kọ́ńténà, láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ní kí n kà á fún òun, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì: ìwúwo rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, bébà pupa, àti ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ti ń ṣí ní igun. Mò ń kà, Màlámù ń túmọ̀, mọ́tòbọ́ì dúró lẹ́yìn wa pẹ̀lú ìkòkò ìrẹsì lọ́wọ́, kò jẹun. Nígbà tí a dé ìdí ẹ̀yìn, ó ní kí a tún padà sí iwájú, kí òun náà wá pè é, kí àwa máa gbọ́.