Kí A Tó Ka Ẹran Inú Omi: Ọ̀rọ̀ Lórí Orúkọ àti Òǹkà ní Etí Òkun Ìlàjẹ

Ìwé ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ ẹranko fi ń wádìí lọ́wọ́ àwọn apẹja kì í sábà dé iwájú àwọn onímọ̀ èdè. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní Ayétòrò tàbí ní Àwóyè, Yorùbá ni a ó fi béèrè, Yorùbá náà ni a ó sì fi dáhùn. Bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá ṣì, iye ẹran tí ìwádìí náà yóò gbé jáde yóò ṣì pẹ̀lú.

Ní Skọ́tíláǹdì, síìlì ni wọ́n ń kà, ẹran òkun onírun tí ó máa ń gun àpáta sinmi. Ní oṣù kẹjọ ọdún, nígbà tí irun wọn ń re, ọ̀pọ̀ wọn a wà lórí ilẹ̀. Hẹlikọ́pítà a sì fi kámẹ́rà tí ń rí ooru ara yà wọ́n. Àwọn tí ó wà nínú omi kò sí nínú àwòrán. Ẹ̀rọ kékeré tí a so mọ́ ara àwọn mìíràn ni ó fi hàn pé nǹkan bí 72 nínú 100 ni ó máa ń wà lókè nígbà kíkà, òun náà ni ó sì ń fi ibi tí wọ́n ń rìn dé lójú òkun hàn. Nítorí náà iye tí a kà yàtọ̀ sí iye tí a fojú díwọ̀n.

Kò sí síìlì ní Ìlàjẹ. Ẹran tí ọ̀rọ̀ kàn níbẹ̀ ni mánátì, ajekoríko tí ń gbé inú odò, ọ̀sà àti etí òkun láti Senegal títí dé Àǹgólà, tí gígùn rẹ̀ lè tó mítà mẹ́ta. Mánátì kì í gun orí ilẹ̀. Ihò imú nìkan ni ó ń yọ síta, nínú omi tí ẹrẹ̀ ti sọ di dúdú. Bàálù kò lè rí i. Koríko tí ó jẹ kù, ìgbẹ́ tí ó léfòó, ẹ̀rọ tí ń fi ìró wá ohun inú omi, àti ẹnu apẹja ni ẹ̀rí tí ó kù. (Àwọn kan ti dábàá “ìtọpasẹ̀” fún irú iṣẹ́ yìí, wọ́n gbàgbé pé ẹran náà kò ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rárá.)

Orúkọ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Bíbélì Yorùbá pe àwọn ẹran ńláńlá inú òkun ní erinmi nínú Jẹ́nẹ́sísì. Olùkọ́ ilé ìwé ń pe ẹran mìíràn, tí ń gbé inú odò tí ó sì ń jáde wá jẹko lóru, ní erinmi kan náà. Bí a bá wá bi apẹja pé, “Ǹjẹ́ ẹ rí erinmi lọ́dún yìí?”, yóò fi òótọ́ inú dáhùn pé òun kò rí i, mánátì yóò sì parẹ́ kúrò lórí àwòrán ilẹ̀ odò rẹ̀. “Màlúù òkun” tí a túmọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹran náà kì í ṣe ti òkun nìkan. Àwọn Haúsá ní ayu. Ìgbìmọ̀ kankan kò jókòó ṣẹ̀dá rẹ̀. Orúkọ tí ó wà lẹ́nu àwọn ará Ìlàjẹ ni ó yẹ kí a kọ sílẹ̀, tòun ti ohùn rẹ̀, létòletò, pẹ̀lú àwòrán ẹran náà lọ́wọ́.

Èkejì léwu jù. “Kò sí” kì í ṣe “a kò rí i”. Ẹni tí ó sọ pé “kò sí mọ́” lè máa sọ nípa ọjà, nípa ẹran tí a ń pa, tàbí nípa odò kan ṣoṣo. Nínú ìròyìn, a ó kọ ọ́ pé ó ti run. Àjọ CITES gbé mánátì sí Àfikún Kìíní ní 2013, láti dá òwò rẹ̀ láàrin orílẹ̀-èdè dúró. Ta ni yóò sì náwó láti dáàbò bo ẹran tí ìwé sọ pé kò sí? Abo rẹ̀ sì ń lóyún tó ọdún kan kí ó tó bí ọmọ kan ṣoṣo.

“Ìkànìyàn” tí àwọn kan ń lò fún ẹranko kò bójú mu. Ènìyàn wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kíkà sì wúwo létí Yorùbá tí ń sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. “Ìfojúdíwọ̀n iye” sọ òótọ́ nípa ohun tí a ṣe. “Ìfọ́nkálẹ̀” sì tó fún ibi tí ẹran náà wà káàkiri.

Èdè-Ìperí Yorùbá tí ó jáde ní 1984 kò fọwọ́ kan ẹranko. Ẹ̀kọ́ èdè àti lítírésọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀, a kò lè bá a wí. Àwọn kan yóò ní “mánátì” ti tó. Ó tó fún ìròyìn, kò tó nínú ọkọ̀ ojú omi ní Ùgbònlà, níbi tí a ti ń béèrè ìbéèrè náà.