Èyí Tó Ń Pariwo Jù Kọ́ Ló Léwu Jù

Kò sí ẹni tó ń gbé ní Ifọ̀ tí kò mọ ohùn yẹn. Ọkọ̀ á ti inú kòtò kan bọ́ sí òmíràn, ẹ ó sì gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó níwájú: gbò, gbò, gbò. Awakọ̀ á fajú ro, á ní, “Ẹsẹ̀ ọkọ̀ yìí ti ń sọ̀rọ̀.” Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á dáhùn pé, “Ọ̀nà yìí náà ni.” Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀ títí di ọjọ́ tí owó bá wọlé, tí wọ́n á wa ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì á wa ọkọ̀ náà yípo àdúgbò lẹ́ẹ̀kan, á fetí sí i bí ẹni tó ń gbọ́ àlá, á ní, “Ẹ lọ ra ṣọ́ọ̀kì méjì wá.”

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò gùn. Nínú gbogbo ohun tó ń ṣe ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀, èyí tó ń pariwo jù kọ́ ló léwu jù. À ń fi owó ṣòfò, a sì ń fi ẹ̀mí wewu, nítorí pé a kò fẹ́ sanwó fún ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Owó irin nìkan la gbà láti san.

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí, ẹ jẹ́ kí n ròyìn. Nígbà ìsinmi tó kọjá, Corolla 2004 tí bàbá mi ń wà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ifọ̀ la ń gbé, Sàngó Ọ̀tà ni ibi iṣẹ́ wọn wà, nítorí náà ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ náà ń gba ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta àtijọ́, láàárín àwọn tírélà tó ń gbé sìmẹ́ǹtì bọ̀ láti Ewékorò. Wọ́n kọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀kì ni. Bàbá mi ra tòkunbọ̀ méjì, wọ́n dè é, ohùn náà kò lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n ní línkéèjì ni. Wọ́n pààrọ̀ ìyẹn náà, ariwo sì dákẹ́ lóòótọ́. Gbogbo wa dúpẹ́. Bàbá mi tilẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ ní owó mínírà.

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà. Wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nírọ̀lẹ́, wọ́n ti kúrò lójú títì, wọ́n ń yà wọ àdúgbò wa, eré ọkọ̀ kò ju eré ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Ẹsẹ̀ iwájú lọ́wọ́ òsì ṣẹ́. Táyà dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, imú ọkọ̀ kanlẹ̀. Bọ́ọ̀lù jọ́ìnì ló yọ kúrò nínú ihò rẹ̀. Kò sí ẹni tó fara pa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú ìgbà náà, ọkọ̀ yẹn wà lójú títì, tírélà kan wà níwájú rẹ̀, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹni tó yẹ kí ojú tì jù nínú ọ̀rọ̀ náà, èmi ni. Ipele kẹta ni mo wà ní ẹ̀ka iṣẹ́-ẹ̀rọ. Mo ti ya ẹsẹ̀ ọkọ̀ yẹn gan-an sínú ìwé ìdánwò, mo kọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sí i, wọ́n sì fún mi ní máàkì. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń tú ti bàbá mi, iṣẹ́ tí mo ṣe ni pé mo bá wọn mú tọ́ọ̀ṣì dání.

Irú ẹsẹ̀ iwájú tó wà lára Corolla náà ló wà lára Micra àti Golf, àti púpọ̀ nínú ọkọ̀ kékeré tí à ń rí lójú títì wa. Earle MacPherson, onímọ̀-ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ford Consul àti Zephyr tó jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1950 wà lára àwọn ọkọ̀ tó kọ́kọ́ lò ó. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, èyí tí àwọn bàbá wa kò yé yìn títí di òní, irú ẹsẹ̀ yẹn náà ló ní níwájú.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ṣọ́ọ̀kì àti sípíríìnì dúró pọ̀ bí òpó kan. Orí òpó náà jókòó sínú mántìn lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìdí rẹ̀ wà lára irin tó gbé táyà. Nísàlẹ̀, apá irin kan tí à ń pè ní lówà áàmù na ọwọ́ láti abẹ́ ọkọ̀ dé ìdí táyà. Rọ́bà méjì, ìyẹn bọ́ṣìn, ló dè é mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Bọ́ọ̀lù jọ́ìnì ló dè é mọ́ ìdí táyà: orí irin róbótó kan tó ń yí nínú ihò tó ní gíríìsì, bí egungun itan ṣe ń yí nínú ìbàdí. Táì rọ́ọ̀dù ló ń gbé ọ̀rọ̀ sítíárìn dé ọ̀dọ̀ táyà. Línkéèjì so ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan mọ́ ẹsẹ̀ náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Línkéèjì ni aláriwo ilé. Bí ó bá ti jẹ díẹ̀, gbogbo kòtò ló máa ń kígbe sí. Síbẹ̀, bí ó tilẹ̀ já pátápátá, ọkọ̀ á tẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bí ẹ bá ń yà, ṣùgbọ́n táyà á ṣì wà ní ipò rẹ̀. Bọ́ọ̀lù jọ́ìnì àti orí táì rọ́ọ̀dù kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè jẹ títí láìsọ ju ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá yọ, sítíárìn á wà lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n táyà kò ní gbọ́ tiyín mọ́. Nínú ọkọ̀ wa, ariwo línkéèjì ló bo ohùn bọ́ọ̀lù jọ́ìnì mọ́lẹ̀. Nígbà tí a pa aláriwo lẹ́nu mọ́, a rò pé àlàáfíà ti dé.

Àyẹ̀wò tí ì bá ti fi èyí hàn kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sókè lórí ilẹ̀ tó le. Ẹ má fi jáàkì nìkan sílẹ̀, ẹ fi rímù àtijọ́ tàbí igi tó nípọn sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú. Ẹ fi ọwọ́ kan mú orí táyà, kí èkejì mú ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ mì ín. Bí ó bá ń mì, ẹ ní kí ẹnì kan tẹ bíréèkì. Bí mímì náà bá dúró, bíárìn ló ń sọ̀rọ̀. Bí kò bá dúró, ẹ wo bọ́ọ̀lù jọ́ìnì. Ẹ wá mú táyà lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀, kí ẹ tún mì ín. Bí ó bá ń mì níbẹ̀, ẹ wo ìhà táì rọ́ọ̀dù. Ẹ fi irin gígùn wọ́ apá ìsàlẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì wo bọ́ṣìn bóyá ó ti ya. Ẹ wo ara ṣọ́ọ̀kì bóyá òróró ti ń sun jáde. Ìgbà tí ẹ bá ṣe èyí tán ni kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ máa rà.

Kí ló dé tí mẹkáníìkì kì í ṣe é? Mi ò ní bá yín bú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ ọ̀nà yìí jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i: ta ló ti san owó àyẹ̀wò fún wọn rí? Bí ọ̀gá kan bá lo ogún ìṣẹ́jú lábẹ́ ọkọ̀, tó jáde, tó ní, “Ẹ máa lọ, línkéèjì lásán ni, ó lè dúró di oṣù tó ń bọ̀,” ẹ ó kí i pé ẹ ṣeun, ẹ ó sì wakọ̀ lọ. Bí ó bá ní kí ẹ lọ ra ṣọ́ọ̀kì méjì, yóò gba owó iṣẹ́. Àwa la sọ iṣẹ́ ojú di ọ̀fẹ́, tí a wá ń yà á lẹ́nu pé wọ́n ń méfò. À ń sanwó káàdì ní ilé ìwòsàn kí dókítà tó fọwọ́ kàn wá. Owó tí a lè san fún mẹkáníìkì pé kó wò ó dáadáa kò tó ohun tí bàbá mi ná sórí ṣọ́ọ̀kì tí kò jẹ̀bi ohunkóhun.

Ó ku ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀. Mo mọ ohun tí ẹ̀yin àgbà wa tó ti jáde máa sọ: tòkunbọ̀ tó jẹ́ ojúlówó sàn ju tuntun tó jẹ́ ayédèrú lọ. Òótọ́ wà níbẹ̀. Apá irin tó ti ilẹ̀ òkèèrè dé, tí kò tẹ̀, tí kò jẹrà, lè bá yín kalẹ́. Ṣùgbọ́n rọ́bà kì í ṣe irin. Rọ́bà ń dàgbà lórí ìjókòó. Bí ẹ kò tilẹ̀ lò ó, ó ń gan, ó ń sán. Ìyẹn wà lára ohun tó mú táyà tòkunbọ̀ léwu, òfin Nàìjíríà sì ti ka táyà ọkọ̀ kékeré tí a ti lò mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ kó wọlé. Rọ́bà ni bọ́ṣìn náà. Bọ́ọ̀lù jọ́ìnì tòkunbọ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ẹ kò lè rí inú rẹ̀, ẹ kò sì mọ kòtò mélòó ló ti wọ̀ ní ilẹ̀ ibòmíràn. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọjà Ládípọ̀ tàbí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà ara ọkọ̀ ládùúgbò yín, ẹ lè ra irin ní tòkunbọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ra bọ́ṣìn àti bọ́ọ̀lù jọ́ìnì ní tuntun lọ́wọ́ ẹni tí ẹ lè padà lọ bá. Lára Corolla tí mo ń sọ yìí, bóòtù kan àti nọ́ọ̀tì méjì ló so bọ́ọ̀lù jọ́ìnì mọ́ apá. Ẹ kò ní láti ra odindi apá nítorí rẹ̀.

Bí owó kò bá tó fún gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ewu pín owó náà, kì í ṣe ariwo. Bọ́ọ̀lù jọ́ìnì àti táì rọ́ọ̀dù ló ṣáájú. Bọ́ṣìn tó ti ya àti ṣọ́ọ̀kì tó ń sun òróró tẹ̀ lé e, ṣọ́ọ̀kì sì nìyẹn, méjèèjì la máa ń pààrọ̀ pọ̀. Línkéèjì lè dúró. Ẹ jẹ́ kó pariwo.

Nípa ọ̀nà wa ńkọ́? Àwọn àgbà ní òbùn rí ikú ọkọ tìrọ̀ mọ́. Ọ̀nà wa burú, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà ló ń pa gbogbo bọ́ṣìn tuntun tó ń ya láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dè é. Ọkọ̀ á wà lórí jáàkì, ẹsẹ̀ á máa fì wálẹ̀, wọ́n á sì fi gbogbo agbára di nọ́ọ̀tì bọ́ṣìn pa níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá wá bọ́ sílẹ̀, apá náà á gbé sókè, á sì lọ́ rọ́bà tí wọ́n ti dè mọ́ ibi tí kò yẹ. Láti ìṣẹ́jú náà lọ ni rọ́bà yẹn ti ń jìyà, bí ẹ tilẹ̀ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ sínú ọgbà. Ohun tó tọ́ ni pé kí wọ́n fọwọ́ lásán mú nọ́ọ̀tì náà dé ààyè rẹ̀, kí ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀ kó fi ìwúwo ara rẹ̀ tẹ ẹsẹ̀, kí wọ́n tó wá dì í pa. Bí nọ́ọ̀tì bọ́ọ̀lù jọ́ìnì bá ní pín-ìn, kí wọ́n fi pín-ìn sí i, kì í ṣe wáyà. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ kan táì rọ́ọ̀dù, apá tàbí ṣọ́ọ̀kì, kí ẹ ṣe aláínmẹ́ǹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, táyà lẹ máa fi san gbèsè náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, tí ẹ ń gbé ní Mowé àti Ìbafò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù wá lọ. Kòtò Ifọ̀ máa ń fipá mú wa rọra wakọ̀. Lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, eré tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín máa fi ṣẹ́ kì í ṣe eré ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́-ẹ̀rọ, títí kan ẹ̀yin ará OOU tí ẹ wà ní ọgbà Ìbógun lẹ́bàá wa níbí, ẹ má ṣe bíi tèmi. Bí ẹ bá lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ tó béèrè owó oúnjẹ, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ bàbá tàbí ìyá yín, kí ẹ wá jáàkì, kí ẹ mi táyà iwájú méjèèjì. Ẹ kò ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Kí ẹ ṣáà mọ ohun tí ẹ máa sọ fún mẹkáníìkì.

Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ti ń kígbe ṣọ́ọ̀kì níwájú wọn báyìí, ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń bi í: “Ṣé ẹ ti gbé e sókè?”