Ẹ Fi Ọmọ Àdàbà Sílẹ̀

Yorùbá a máa fi àdàbà ṣe àpẹẹrẹ ẹni tí kò ka nǹkan sí. Wọ́n ní àdàbà kò náání à ń kùngbẹ́: bí iná bá ń jó, ẹyẹ yóò fò lọ. Òótọ́ ni, bí ẹyẹ náà bá ti dàgbà. Èyí tí kò tíì lè fò ńkọ́?

Igi ọsàn kan wà lẹ́yìnkùlé ilé tí mo ń gbé ní Ìbàdàn. Ní oṣù tó kọjá, àdàbà méjì tẹ́ ìtẹ́ sórí ẹ̀ka rẹ̀ kan tí ó súnmọ́ fèrèsé ilé ìdáná wa. Ká má purọ́, àdàbà kò mọ ìtẹ́ tẹ́ bí ẹ̀gà. Ẹ̀gà a máa hun tirẹ̀ bí ẹni ń hun agbọ̀n; igi wẹ́wẹ́ mélòó kan ni àdàbà kó jọ, ẹni tí ó bá dúró nísàlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí ẹyin láti abẹ́. Ẹyin funfun méjì ni ó yé. Takọtabo ni wọ́n jọ ń sàba lé e fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí wọ́n pa á, takọtabo náà ni wọ́n jọ ń bọ́ ọmọ. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé oúnjẹ àkọ́kọ́ tí ọmọ àdàbà ń jẹ kì í ṣe kòkòrò tàbí ọkà. Ohun kan tí ó ki bíi wàrà ni, àpò tí ó wà lọ́fun àwọn òbí ni ó ti ń jáde, akọ sì ń ṣe é bí abo.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n pa ẹyin gan-an ni onílé wa sọ fún mi pé àwọn fẹ́ gé igi náà, kí àwọn lè da kọnkéré sí gbogbo àgbàlá. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì.” Wọ́n wò mí títí. “Nítorí ẹyẹ?” Mo ní, “Nítorí ẹyẹ ni, sà.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ọmọ kan dúró létí ìtẹ́, ó gbọn ìyẹ́, ó sì fò bọ́ sórí ògiri. Èkejì kò rí i ṣe bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ni ó bọ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa omi. Àwọn ọmọ inú ilé sáré dé, wọ́n fẹ́ gbé e sínú páálí, kí wọ́n fún un ní búrẹ́dì. Mo dá wọn dúró, nítorí mo ti ṣe irú rẹ̀ rí. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo gbé ọmọ ẹyẹ kan wọlé, mo ń ki gàrí rírẹ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kò rí alẹ́ ọjọ́ kejì. Mo rò pé àánú ni mò ń ṣe. Ìyá rẹ̀ sì wà lórí òrùlé, ó ń ké.

Èrò tèmi ni pé ọmọ ẹyẹ tí ìyẹ́ ti bo ara rẹ̀, tí ó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nílẹ̀, kò sọnù. Àwọn òbí rẹ̀ ń wò ó láti ibì kan, wọn yóò sì máa bọ́ ọ fún ọjọ́ mélòó kan sí i. Kí a so ajá mọ́lẹ̀, kí a lé ológbò, kí a sì kúrò níbẹ̀, ó tó. Bí ó bá jẹ́ èyí tí kò tíì hu ìyẹ́ ni ó jábọ́, ẹ rọra dá a padà sínú ìtẹ́. Ìyá rẹ̀ kò ní kọ̀ ọ́ nítorí pé ọwọ́ èèyàn kàn án. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ gé igi, kí ó kọ́kọ́ gbójú sókè. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀, láti ìgbà tí àdàbà yé ẹyin títí di ìgbà tí ọmọ fò. Àgbàlá tí ó ti wà láìsí kọnkéré láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́lé lè dúró di oṣù tí ń bọ̀.

A jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, a ń wò. Ó tó wákàtí kan kí ọ̀kan nínú àwọn òbí tó bà sílẹ̀, tí ọmọ sì ki ẹnu bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kí oòrùn tó wọ̀, òun náà ti wà lórí ògiri.

Ọjọ́ Ajé ni alágbàṣe yóò mú àdá dé. Láàárọ̀ yìí, mo lọ wo ìtẹ́ náà. Àdàbà kan ti jókòó sínú rẹ̀, èkejì ń gbé igi wẹ́wẹ́ bọ̀. N ó tún lọ kan ilẹ̀kùn onílé.